Ìbéèrè Kẹsàn-án Tí N Kò Lè Bi Baba Adéòjó

Baba Adéòjó ti kú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa ara rẹ̀ ní Ìpakodo lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì sáré sin ín lọ́jọ́ náà. Ẹbí ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kò sí ìsìn, kò sí ìkéde lára ògiri, ẹnikẹ́ni kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tó fi ogójì ọdún tún ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa lọ sí Èkó ṣe. Ṣé kò sẹ́ni tó lè ti fura ni? Ó wà. Èmi tí ẹ̀ ń kà lójú ìwé yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007 yìí, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan gba àwa mẹ́wàá síṣẹ́, wọ́n sì rán wa jáde ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ká ṣèwádìí ohun tó ń mú kí ènìyàn fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Wọ́n fún mi ní ogójì fọ́ọ̀mù àti káàdì tí mo gbé kọ́rùn. Mo ń rìn ní Ìtamágà bí ẹni pé dókítà ni mí. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, n kò sì bá a jiyàn.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Baba Adéòjó ní Ìpakodo, ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ń pín irinṣẹ́ rẹ̀ fáwọn gbẹ́nàgbẹ́nà etí omi. Ó ní, "Ayùn ti lọ, òòlù ti lọ. Látìgbà tíyàwó mi ti kú, kò sóhun tí mo tún fẹ́ kàn mọ́." Mo ní, "Ẹ kú inú rere, sà." Inú rere! Èmi tí wọ́n kọ́ fún odindi ọjọ́ méjì pé ẹni tó bá ń pín dúkìá rẹ̀ báyẹn, ká fura sí i.

A wá dé ìbéèrè kẹsàn-án: ṣé ẹ ti rò ó rí láti pa ara yín? Ẹ gbọ́, ọmọ Yorùbá wo ló máa wojú ẹni tó tó bàbá rẹ̀ kó bi í ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Mo wolẹ̀, mo ní, "Ẹ̀mí yín á gùn, sà."

Baba wò mí títí. "Ìbéèrè nìyẹn, àbí àdúrà?"

"Àdúrà ni, sà."

Ó ní, "Àmín."

Mo máàkì "Rárá", mo dọ̀bálẹ̀, mo gun ọ̀kadà lọ. Ọmọlúwàbí pọ́ńbélé!

Nígbà tí wọ́n ka àbájáde ìwádìí náà ní Ẹ̀pẹ́, a jẹ ẹja, wọ́n sì fún mi níwèé ẹ̀rí pé fọ́ọ̀mù tèmi ló mọ́ jù. Ó mọ́ lóòótọ́. Kò sí "Bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo nínú ogójì.

Lánàá, Fọláwùmí, ọmọ baba, wá sílé mi. "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni bàbá mi sọ fún yín? Àwọn ọ̀gá yín ní àṣírí ni." Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ẹ ò wá bi wọ́n?" Ó dùn mí ju èébú lọ.

Mo gbà, òmùgọ̀ ni mí. Ṣùgbọ́n ta ló rán òmùgọ̀ níṣẹ́ ẹ̀mí? Ká tó jáde, mo bi ọ̀gá wa pé bí ẹnìkan bá ní "Bẹ́ẹ̀ ni" ńkọ́? Ó ní, "Máàkì ẹ̀, kó o bọ́ sílé tó kàn." Kò sí nọ́ọ̀sì tá a lè pè, kò síbi tá a lè júwe. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Tẹrú náà ni mo fi jẹ́ ẹ. Ènìyàn mọ́kànlélógún ló dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni" fáwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ta ló ti padà lọ kan ilẹ̀kùn wọn?

Kí ilé ẹ̀kọ́ náà mú ẹni tó mọ ìtọ́jú dání, kí wọ́n padà sílé àwọn mọ́kànlélógún náà lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n sì tún mọ́kàndínlógójì tó kù nínú tèmi bi. Kí wọ́n lọ sọ òótọ́ fún Fọláwùmí pẹ̀lú ẹnu ara wọn. Bí wọ́n bá sì ń wá ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ dá lẹ́bi, orúkọ mi ni Tìmílẹ́hìn Oyèdèjì, ilé mi wà ní Ìgbògbò. N kò bi baba léèrè.