Ìdọ̀bálẹ̀ Bàbá Mi ní Kóòtù

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ignatius, bàbá mi, fi ránṣọ ní yàrá iwájú ilé Alàgbà Ọláyíwọlá ní Òmù-Àrán. Yàrá ẹ̀yìn la ń gbé. Nígbà tí ọmọ onílé fẹ́ fi ibẹ̀ ta oògùn, Alàgbà fún wa ní ìwé pé ká kó jáde láàárín oṣù kan. A ò kó. Ó pè wá lẹ́jọ́.

Mo ka òfin fún bàbá mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ayálégbé tó ń san owó ilé lọ́dọọdún, ìwé oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i. Oṣù kan kò tó.

"Gbólóhùn kan péré lẹ máa sọ. Ẹ wí i kí n gbọ́."

"Oṣù kan ni wọ́n fún mi, oṣù mẹ́fà ló yẹ."

"Ẹ tún un wí."

"Fìyìn, ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mo jọ lójú rẹ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún un wí.

Ní kóòtù, adájọ́ bi í pé kí ló ní í sọ. Bàbá mi wo Alàgbà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó fi ọ̀pá tilẹ̀. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ tọ̀nà. Èmi ọmọ yín ni mo jẹ̀bi."

Níwájú àwọn àgbà ilé, bí ìjà ṣe ń parí nìyẹn: ọmọdé á gba ẹ̀bi, àgbà á ní ó tán. Ohun tí bàbá mi ń retí nìyẹn.

"Ìwé tí wọ́n fún yín ńkọ́?" adájọ́ béèrè. "Ẹ ò ní nǹkan sọ nípa rẹ̀?"

Bàbá mi wò mí láti ilẹ̀. Mo na ìka mẹ́fà sí i. Ó gbójú kúrò.

"N kò lè bá àgbà jiyàn láwùjọ."

Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fún wa ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti kó jáde.

Alàgbà fà á dìde lóòótọ́. "Ọmọlúàbí ni ẹ́, Ignatius." Ṣùgbọ́n kò ní ká máa gbé inú ilé náà lọ.

Níta, Morẹ́nikẹ́ aládùúgbò wa pariwo, "Bàbá Fìyìn, ẹ kú ìwà o!" Ojú tì mí débi pé mo rìn lọ síwájú bí ẹni tí kò mọ bàbá mi rí. Ó sáré bá mi.

"Fìyìn, bí mo bá padà lọ sọ gbólóhùn yẹn ńkọ́?"

"Ó ti pẹ́," mo wí, n kò sì dúró.