Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Fi Lé Ọ̀rẹ́ Lọ́wọ́

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń fi abíyá gbé ẹ̀jẹ̀ kiri ìlú Ẹdẹ. Ọmọ yunifásítì ni mí nígbà náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì wínníwínní tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́ ni mo sì fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ohun kan wà lára wọn tí wọ́n fi ń gbọ́ ìpè ọgbẹ́. Olùkọ́ wa máa ń pè é ní etí. Bí wọ́n bá ti jí lẹ́ẹ̀kan, wọn a fa etí náà wọnú, wọn ò ní í gbọ́ mọ́. Bí wọ́n bá sinmi díẹ̀, wọn a tún yọ ọ́ síta. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí a bá mì wọ́n jù, wọn a ti jí kí wọ́n tó dé ilé àyẹ̀wò wa, ìsinmi ò sì ní í tún wọn ṣe mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹsẹ̀ rìn láti ọsibítù, ìgò ẹ̀jẹ̀ lábíyá kí òtútù má bàa mú un, mò ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ìyá kan lẹ́bàá ọ̀nà bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé eéwo ló mú ẹ lábíyá ni?" Èmi sì rò pé ọ̀mọ̀wé ni gbogbo ayé ń wò.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ló máa ń bá mi gbé e lọ́jọ́ tí mo bá ní kíláàsì. Ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ tirẹ̀ kì í gbọ́ ìpè rárá. Olùkọ́ wo èsì mi tó ń lọ síbí sọ́hùn-ún, wọ́n ní mo jókòó sílé hùmọ̀ ọ ni, kí n tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n bi ọ̀rẹ́ mi léèrè bó ṣe ń gbé ẹ̀jẹ̀ náà wá.

"Wàláì, sà, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn."

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ẹnu lásán ni mo fi ń pa òwe yẹn tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọlọ́kadà kan tó gbé mi bi mí pé, "Àǹtí, ọ̀rẹ́ yín ò gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ mọ́ ni? Èmi ni mo máa ń gbé wọn. Wọ́n á ní kí n sáré, kí oòrùn má pa àwọn." Mo rántí gbogbo kòtò ojú ọ̀nà yẹn, inú mi sì bàjẹ́.

Mo tún iṣẹ́ náà ṣe, etí náà sì ṣe bí mo ṣe rò. Mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù báyìí, síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi. Kì í ṣe tìtorí ọ̀kadà. Oòrùn Ẹdẹ kì í ṣeré; ká ní ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi ni, ǹ bá da ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ yẹn nù, à bá sì jọ rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dùn mí ni pé lọ́jọ́ tí mo sunkún jáde ní ọ́fíìsì olùkọ́, òun ló dì mí mú, tó ń fi ìborùn rẹ̀ nu ojú mi. Ó ní ayé ló ń bá mi jà, ó wá ṣàdúà pé kí Ọlọ́run mú ẹni tó wà nídìí ẹ̀.

Èmi náà sì ń ṣe àmín.