Ibi tí Òrùka Màmá Refika Kàn

Bedri tó ń ju okùn ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Üsküdar ní Istanbul kì í ṣe òjòwú ènìyàn. Aládùúgbò ra mọ́tò, kò kàn án. Wọ́n gbé ẹlòmíràn ga níbi iṣẹ́, á bá a yọ̀, á tún ra tíì fún un. Àmọ́ ẹ kàn dárúkọ Sezai níwájú rẹ̀, kíá lojú ẹ̀ á yí padà.

Sezai ni ọkọ àbúrò ìyàwó rẹ̀. Nermin, ìyàwó Bedri, ni àgbà. Figen ni àbúrò, òun ni Sezai fẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Bedri ti ń ṣe ọkọ ọmọ fún Màmá Refika, ìyá àwọn obìnrin méjèèjì. Òun ló ń gbé gáàsì gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta fún un. Òun ló ń tún ẹ̀rọ omi ṣe. Òun ló gbé e pọ̀n sọ̀kalẹ̀ lọ́dún tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀ tí orúnkún ń dùn ún. Ìgbà tó ku ọdún mẹ́jọ sí àsìkò tí mò ń sọ yìí ni Sezai wá dé, ọ̀gbẹ́ni oníṣọ́ọ̀bù aṣọ fèrèsé, ẹlẹ́nu dídùn, tí kò gbé nǹkan kan rí nílé yẹn àfi fọ́ọ̀kì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, ó pe Màmá Refika ní "ọmọge." Ìyá àádọ́rin ọdún! Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Bó ṣe di pé Sezai ni wọ́n ń bu tíì fún ṣáájú nìyẹn, tí Sezai ń jókòó síbi fèrèsé, tí ẹyin tó jinná dáadáa jù ń lọ sínú àwo Sezai. Bedri ń wò ó. Kí ló fẹ́ sọ? Pé wọn ò fún òun lẹ́yin?

Ohun kan ṣoṣo tó ń tù ú nínú ni pé orí Sezai pá. Ti Bedri náà pá, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ó ní fìlà iṣẹ́ tó ń dé sí i. Ti Sezai wà ní gbangba láàárín àwọn aṣọ fèrèsé ẹ̀, ó ń dán.

Àfi bí Sezai ṣe la ẹnu lọ́jọ́ Àìkú kan nídìí oúnjẹ àárọ̀ nílé Màmá. "Ẹ̀gbọ́n," ó ń bá Bedri sọ̀rọ̀, ó sì ń fi búrẹ́dì nu òróró olífì nínú àwo, "mo fẹ́ lọ gbin irun."

Bedri mọ̀ ọ́n. Ta ni ò mọ̀ ọ́n ní Istanbul? Ojoojúmọ́ ló ń fi ọkọ̀ gbé àwọn àlejò tó wá láti gbogbo ayé kọjá omi, báńdéèjì dúdú lágbárí, iwájú orí pupa bíi tòmátò. Ó máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ fáwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó wo orí Sezai, ó fojú inú rí i tí irun bò ó, ó rí Màmá Refika tó ń fọwọ́ pa irun náà, ó sì rí ara ẹ̀ lápá kan pẹ̀lú orí tó ń kọ mọ̀nà. Ó mọ̀ pé tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ó ti tán fún òun nílé yẹn.

"Èmi náà ń lọ," ló bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Tíì há Nermin lọ́fun.

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe é fáwọn méjèèjì, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ṣe ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, torí ìgbà yẹn ni ibi iṣẹ́ Bedri fún un láyè. Àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n fi ń tu irun ní ìpàkọ́ wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gbìn ín síwájú. Bí wọ́n ṣe jáde báyìí, ojú wú, Sezai béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, mélòó ni wọ́n gbìn fún yín?"

"Ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹgbẹ̀rin."

"Haa. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni tèmi."

Ẹ gbà mí o. Igba ẹyọ irun péré, ó gbé Bedri lọ́kàn dé ilé. Nígbà tó gbọ́ pé Sezai ti ní ọjọ́ mẹ́ta lòun máa fi sinmi ààwẹ̀, Bedri sinmi ọjọ́ kan péré, ó sì fi orí tó ń lù kìkì gba ààwẹ̀ ìyókù, kí wọ́n lè bá a sọ létí Màmá.

Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wọn, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko! Ẹ ò gbọdọ̀ tẹrí ba. Ẹ má sùn gbalaja, ẹ fi ìrọ̀rí gbé ara yín ró. Ohunkóhun ò gbọdọ̀ kan iwájú orí yín, fìlà ni o, ọwọ́ ni o. Irun yìí ò tíì ta gbòǹgbò. Èyí tó bá bọ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ẹ ti pàdánù ẹ̀ nìyẹn. Ṣé ẹ gbọ́?" Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Ọjọ́ ọdún dé. Gbogbo ẹbí kún pálọ̀ Màmá Refika, Màmá jókòó sórí àga ńlá, wọ́n ń tò wá kí i. Sezai ló yọjú ṣáájú, kò dúró de àgbà, ẹ ò rí i? Ó dúró gbọnrangandan bíi ṣọ́jà, ó gbé ọwọ́ Màmá sókè dé ẹnu ara ẹ̀, ó fẹnu kò ó, ó sì gbé e sílẹ̀. Kò tẹrí ba. Kò gbé ọwọ́ náà kan iwájú orí, bí wọ́n ṣe máa ń kí àgbà níbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. "Ọmọge mi, ẹ má bínú, dókítà ló ní kí n má bẹ̀rẹ̀. Ọdún tó ń bọ̀, màá kí yín lẹ́ẹ̀mejì."

Àbúrò Màmá obìnrin pòṣé. Ẹnu Màmá fúnra ẹ̀ sún kì.

Bedri rí i. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Láti ọdún mẹ́jọ tí Sezai ti ń jẹun nílé yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa ṣi ẹsẹ̀ gbé. Bedri rìn bọ̀ síwájú àga, ó tẹrí ba wálẹ̀ títí agbárí ẹ̀ fi dé orúnkún Màmá, ó fẹnu ko ọwọ́ náà, ó sì gbé e lé iwájú orí ẹ̀. Kì í ṣe pé ó gbé e kàn fẹ́rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó fi síbẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i.

Màmá wọ òrùka tí ọkọ ẹ̀ tó ti kú fi fẹ́ ẹ, òrùka fàdákà olókùúta pupa tó ní igun. Igun ọ̀hún wọ Bedri lórí. Ó ta á bí ìgbà tí èèrùn bá géni jẹ, ṣùgbọ́n kò mira.

"Ọmọ mi àtàtà," Màmá Refika sọ ọ́ sókè, ó sì ń wo Sezai.

Ìgbà tí Bedri dé ilé ìwẹ̀, tó wojú dígí, ó rí ẹ̀jẹ̀ tó sun bíńtín-bíńtín síwájú orí ẹ̀. Ó fi ìka kàn án. Ẹyọ irun mẹ́fà tàbí méje lẹ̀ mọ́ ìka náà, gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò. Ṣé ó lè sọ ọ́? Tó bá sọ ọ́, á di pé Màmá ló bà á jẹ́, lọ́jọ́ ọdún. Sezai á sì ní, "Ṣé ẹ rí i, ẹ̀gbọ́n? Mo ti sọ fún yín." Bedri fi omi ṣan ìka ẹ̀, ó nu ojú, ó jáde lọ jẹ báklàfà, àkàrà olóyin ọjọ́ ọdún.

Ló bá di dídúró. Ọ̀sẹ̀ kẹta, irun bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, ti àwọn méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí dókítà ti wí. Oṣù yẹn nìkan ni Bedri gbádùn. Sezai pè é lórí fóònù, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń lọ o! Orí ìrọ̀rí mi kún fún irun!"

"Sùúrù, àbúrò mi. Dókítà ní kí a ní sùúrù." Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì ń súfèé títí ọkọ̀ fi kan èbúté.

Ṣùgbọ́n oṣù kẹrin, ti Sezai hù. Ó hù kíkún, ó dúdú, bíi pé wọ́n da ajílẹ̀ sí i. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń tẹ orí síwájú Màmá: "Ẹ fọwọ́ pa á wò, ọmọge!" Màmá ń fọwọ́ pa á, ó ń ṣe "Máṣàállà." Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ gẹrun, gbogbo ilé ló kí i bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ dé, "Kó jẹ́ ti àlàáfíà o!" Figen kí i, àwọn ọmọ kí i, àní Nermin, ìyàwó Bedri, kí i. Bedri fojú burúkú wo ìyàwó ẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tẹ́nì kan ti kí òun Bedri bẹ́ẹ̀.

Irun Bedri náà hù, ó pẹ́ ni. Ó hù láti òsì dé ọ̀tún. Àmọ́ ojú ibì kan wà lókè iwájú orí gan-an, ó tó owó ẹyọ kékeré kan, tí kò hu nǹkan kan. Ibi òrùka ni. Ó ń da irun bò ó. Ṣé afẹ́fẹ́ orí omi wá ń gbà? Bó bá ti ju okùn, atẹ́gùn á ṣí i, á tún un dà.

Ohun mìíràn tún dé. Òrùka ọ̀hún pòórá lọ́wọ́ Màmá. Ìka ẹ̀ ṣófo lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ṣófo lọ́jọ́ Àìkú kejì.

"Nermin, níbo ni òrùka Màmá wà?"

"Èmi náà ti rí i," Nermin ní, ó dín ohùn kù. "Mo bi í, ó ní òun gbé e pamọ́."

"Pamọ́? Figen ló fún! Figen ló fún, kí ọkọ ẹ̀ lè rí nǹkan yangàn. Ìwọ àgbà, ìwọ ló tọ́ sí!"

"Bedri, o ò rí i pé owú ti fẹ́ pa ọ́?"

Òótọ́ ni. Owú ń jẹ Bedri débi pé tí òjò bá ń rọ̀, á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó rọ̀ sórí Sezai kó sì tu gbogbo irun ẹ̀. Á jí láàárọ̀, á fi ìka wá ojú ibi tó pá náà kó tó wá bàtà. Oṣù kẹsàn-án, ó padà lọ bá dókítà.

"Kí ló kan ibí yìí?"

"Ìrọ̀rí ni."

Dókítà wò ó pẹ́. "Ẹ jẹ́ kó pé ọdún kan. Ohun tí kò bá tíì hù nígbà yẹn kò ní hù mọ́."

Ọdún kan. Ìtúnu Ààwẹ̀ tó ń bọ̀ gẹ́lẹ́. Ọjọ́ tó máa tún tẹrí ba níwájú Màmá, tí Màmá á wo agbárí ẹ̀ láti òkè, tí Sezai á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú igbó lórí. Bedri bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Ọjọ́ náà pé, kò hù.

Wọ́n tún kún pálọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Sezai sáré bẹ̀rẹ̀, ó kí Màmá lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́, ó sì mi irun bíi ẹṣin. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ó wá kan Bedri. Ó ti fi òróró lẹ irun mọ́ ojú ibẹ̀ láti àárọ̀. Ó tẹrí ba, ó fẹnu ko ọwọ́ Màmá, ó gbé e kan orí fẹ́rẹ́, ó fẹ́ tètè dìde.

Màmá Refika di orí ẹ̀ mú. Ó fi àtàǹpàkò ya irun náà sọ́tùn-ún, ó yà á sósì, títí ojú ibẹ̀ fi hàn gbangba. Ìtìjú bo Bedri. Sezai ló tilẹ̀ kọ́kọ́ rí i: "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe ibẹ̀ yẹn?"

Màmá ò dá a lóhùn. "Ibí ni, àbí?"

"Màmá, kì í ṣe nǹkan kan, ìrọ̀rí—"

"Ìrọ̀rí wo? Ẹ̀jẹ̀ ẹ ni mo bá lára òkúta òrùka mi lọ́jọ́ ọdún tó kọjá. Mo fọ̀ ọ́, mi ò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, nínú ìbọ̀sẹ̀ bàbá wọn." Nermin wo Figen, Figen ń wo ilẹ̀. "Mo ní wàá sọ fún mi lọ́sẹ̀ yìí. Mo ní wàá bínú sí mi lóṣù yìí. Ọdún kan, Bedri! O ń gbé gáàsì wá, o ò fọ̀rọ̀ kan kàn mí."

Bedri ò lè sọ fún un pé kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló jẹ́ kóun dákẹ́. Owú ló jẹ́ kóun bẹ̀rẹ̀, owú ló jẹ́ kóun pa ẹnu mọ́. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀, orí lọ́wọ́ ìyá náà.

Màmá Refika fa orí ẹ̀ mọ́ra, ó sì fẹnu ko ojú ibẹ̀, lójú gbogbo ẹbí. Ó pẹ́ kó tó gbé ẹnu kúrò.

Sezai dúró lápá kan, ọwọ́ ẹ̀ ń wá nǹkan kiri nínú irun ara ẹ̀. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Ọmọge, èmi ńkọ́?"

Màmá Refika yẹ orí ẹ̀ wò láti iwájú dé ìpàkọ́.

"Níbo ni kí n ti rí àyè?" ó ní. "Irun ti gba gbogbo ẹ̀."