Omi tó ń jẹ́ kí ọṣẹ Táyé hó

Inú ń bí mi lónìí, ọṣẹ dúdú ló sì fà á.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé iṣẹ́ fífá irun ni mò ń ṣe ní Ayédé. Láàárọ̀ yìí, Bàbá Tíṣà, oníbàárà mi àtọjọ́ pípẹ́, juwọ́ sí mi, wọ́n sì wọ ṣọ́ọ̀bù Táyé, tóun náà ń fá irun ní òdìkejì. Mi ò lè mára dúró, mo tẹ̀ lé wọn.

Mo bá Táyé níbi tó ti ń po ọṣẹ nínú igbá. Ó hó, ó funfun, ó ga bí òwú. Tèmi kì í hó báyẹn, ṣe ló máa ń ṣàn lọ sọ́rùn èèyàn.

Mo ní, "Táyé, kí lo ń fi sí i?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọṣẹ kan náà là ń rà. Omi kànga yín yẹn ni kì í jẹ́ kó hó. Omi òjò lèmi ń lò."

"Omi òjò wo, nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí?"

"Ìyàwó yín ló ń bù ú fún mi nínú dúrọ́ọ̀mù yín."

Dúrọ́ọ̀mù tí ìyàwó mi ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, pé omi mímu àwọn ọmọ ni!

Èyí tó wá dùn mí jù, Táyé ní kí n jókòó, ó fi ọṣẹ náà pa mí lágbọ̀n. Ó rọ̀ débi pé mo fẹ́ sùn lọ. Omi ilé mi, ọwọ́ Táyé ni mo ti rí i lò!

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó délé: ta ni kí n kọ́kọ́ bá jà?