Gbà Tí Kọ́lájọ Túmọ̀

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Kọ́lájọ fi jẹ́ ẹnu fún kóòtù. Ẹnu lásán. Kì í ṣe adájọ́, kì í ṣe lọ́yà. Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ á sọ tirẹ̀, Kọ́lájọ á gbé e fún àwọn ará odò. Àwọn ará odò á fèsì, Kọ́lájọ á gbé e padà fún òyìnbó. Láti Etíkan títí dé etí òkun, Bàbá Ògbufọ̀ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní bí Kọ́lájọ bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ, ọ̀rọ̀ rẹ kò lè bọ́ sódò.

Á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìtìjú ni, wọn kò kàn mọ̀ ni.

Ó ti fẹ̀yìn tì ní 1957, nígbà tí Jùbrílù wá bá a. Ọmọ Láwàl ni Jùbrílù, Láwàl tó ń fi ọkọ̀ kiri epo òyìnbó àti aṣọ. Ọmọ náà ti ka ìwé òfin fún ọdún méjì nílùú ọba, àìsàn bàbá rẹ̀ ló pè é wálé fúngbà díẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Pákó ilé mì tìtì, omi ń lu òpó nísàlẹ̀.

"Dìde, lọ́yà. Orí omi ni ilé yìí wà o. Bí o bá tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀dọ̀ ẹja la ó jọ jókòó sí."

"Bàbá, n kò tíì di lọ́yà. Ohun tó gbé mi wá gan-an nìyẹn." Jùbrílù jókòó. "N kò mọ ọ̀nà tí n ó tọ̀. Àwọn kan ní kí n dúró l'Ékòó, kí n máa gba ẹjọ́ àwọn olówó rò. Àwọn kan ní kí n wọṣẹ́ ìjọba, kí n di adájọ́. Bàbá mi ní ẹ̀yin lẹ mọ inú kóòtù jù. Wọ́n ní kí n wá jókòó tì yín títí n ó fi padà."

Àràárọ̀ ló ń wá. Kọ́lájọ kọ́ ọ bí a ti ń wo ọwọ́ ẹlẹ́rìí nígbà tí ẹnu bá ń sọ̀rọ̀. Ó kọ́ ọ pé ará odò tó bá wí pé "kò burú" níwájú adájọ́ kò tíì fara mọ́ nǹkan kan, ó kàn fi adájọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́ ni. Ọmọ náà ń kọ ọ́ sílẹ̀, òógùn ń já lójú rẹ̀.

"Bàbá, ilé yín mà móoru o. Ẹ ò ṣí fèrèsé tó kọjú sódò yẹn?"

"Ìṣó ni mo fi kàn án pa. Ka ìwé rẹ."

Ní ọjọ́ karùn-ún, Jùbrílù gbé ìwé kan dé. Ó ti lọ sí kóòtù lọ da àwọn ẹjọ́ àtijọ́ kọ. Ayọ̀ kún ojú rẹ̀.

"Ẹ wo ti 1938 yìí. Moríkẹ́, ẹlẹ́ja yíyan. Ẹ̀sùn, ó jí ọkọ̀. Ó jẹ́wọ́. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ìlà mẹ́rin péré, Bàbá! Ọ̀nà mi ti là wàyí. Adájọ́ ni n ó dà, irú ẹjọ́ tó mọ́ tónítóní báyìí ni n ó sì máa dá."

Kọ́lájọ rántí ẹjọ́ náà. Ó lè dákẹ́. Ta ló mọ̀? Ajẹ́lẹ̀ ìgbà náà ti relé rẹ̀, ó ti kú. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ti fẹ́ gbé ọ̀nà ayé rẹ̀ ka ìlà mẹ́rin yìí.

"Kí ni obìnrin náà sọ?"

"Ó wà níbí. Ó jẹ́wọ́."

"Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, ní Yorùbá, ni mo ń bi ọ́."

Jùbrílù wo ìwé. Kò sí Yorùbá kankan níbẹ̀.

"Wọ́n bi í nípa ọkọ̀ Ògúnlànà tí wọ́n bá nílé rẹ̀. Ó ní, 'Mo gbà á.'"

Ó yé Jùbrílù kíá. Ọmọ odò ni. Ọkọ̀ tó bá já, tí omi ń gbé lọ sókun, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni yóò gbà á lọ́wọ́ omi. Yóò so ó mọ́ òpó ilé rẹ̀, yóò ta màrìwò mọ́ ọn nímú, kí ẹni tó ni ín lè mọ̀ pé kì í ṣe olè.

"Màrìwò ńkọ́, Bàbá?"

"Ó wà níbẹ̀. Obìnrin náà sọ ọ́. N kò túmọ̀ rẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Omi ń fà. Ajẹ́lẹ̀ fẹ́ lọ kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì rẹ̀ tó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ní kí n ṣe kíá. Mo ní obìnrin náà gbà pé òun jẹ̀bi. Bó ti bọ́ lẹ́nu mi ni mo mọ̀. Mo dákẹ́. Òyìnbó yìn mí pé ọwọ́ mi yá." Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "N kò lè ní n kò gbọ́ ọ. Ọmọ Etíkan ni mí. Nígbà tó ti ẹ̀wọ̀n dé, àwọn ọmọdé ń fi í kọrin. Moríkẹ́ olè ọkọ̀. Òdìkejì odò yìí ló ń gbé. Fèrèsé yẹn, èéfín ẹja rẹ̀ ló ń gbà á wọlé."

Jùbrílù pa ìwé dé. Ó nawọ́ mú àjẹ̀ tó fara ti ògiri, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bàbá náà.

Kọ́lájọ dìde.

Moríkẹ́ ń yí ẹja lórí iná nígbà tí wọ́n dé. Ó wò wọ́n.

"Bàbá Ògbufọ̀! Ẹ ṣìnà ni? Àbí òyìnbó tún ń bi mí ní nǹkan?"

Kọ́lájọ kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀. Omi inú ọkọ̀ bá a dé orúnkún. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń tò láti ọdún mọ́kàndínlógún dàwátì. Ẹyọ kan ló kù.

"Moríkẹ́, mo gbà."

Obìnrin náà yí ẹja kan. Ó yí èkejì.

"Gbà wo nìyẹn?"

Ẹnu kóòtù wúwo. "Mo gbà pé mo jẹ̀bi. Ìwọ kò jẹ̀bi rí."

"Ẹ̀n-ẹ̀n-ẹ́n. Gbà kì í ṣe ẹyọ kan, àbí?" Ó kọjú sí Jùbrílù. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Láwàl ni mí, ìyá. Òfin ni mò ń kọ́."

"Òfin. Gòkè wá. Bó ṣe ń ti ẹnu mi jáde ni kí o kọ ọ́."

Ó na àpótí ìjókòó sí i. Kò na nǹkan kan sí Kọ́lájọ. Bàbá náà dúró sínú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di òpó ilé mú. Lókè, ó gbọ́ ohùn Jùbrílù: "Bàbá, báwo ni n ó ṣe túmọ̀ èyí?"

"Má túmọ̀ rẹ̀," ni Kọ́lájọ wí.

Omi ń fà. Ọwọ́ ń ro ó. Kò sẹ́ni tó bá a so ọkọ̀ náà.