Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì Funfun

Títí di òní, bí mo bá rí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun tí wọ́n tẹ́ gbọọrọ, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́, kó tó bú mọ́ mi nínú.

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà. Festac, àdúgbò tuntun tí ìjọba kọ́ tí àwa náà ń gbé, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ayálégbé, ọ̀dà ara ògiri ibẹ̀ ṣì ń rùn. Ilé ìgbẹ̀bí kan ní Àmúwò ni wọ́n ń rán wa lọ kọ́ṣẹ́. Sístà, nọ́ọ̀sì àgbà tó ni wọ́ọ̀dù, kórìíra ariwo, ó sì kórìíra àbàwọ́n. Kí ọ̀gá àgbà ilé ìgbẹ̀bí náà tó yí wọ́ọ̀dù ká láàárọ̀, gbogbo bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ funfun báláú, kò gbọdọ̀ hunjọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bá lábàwọ́n, póò ìgbẹ́ àwọn aláìsàn ni yóò máa fọ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ wa kọ́ wa bó ṣe yẹ kí nọ́ọ̀sì máa ro ti aláìsàn. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò yé wa, ó pòwe: bá a bá ń gégi nígbó, ká máa fọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Ọmọ kíláàsì mi kan, tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ló gba máàkì tó ga jù nínú ẹ̀kọ́ náà. Ẹ rántí ìyẹn o.

Obìnrin kan wá láti ìhà Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, ọmọ onílẹ̀ àdúgbò wa. Ó pẹ́ kó tó róyún, ó sì bí ọmọ náà wẹ́rẹ́. Ẹja ni wọ́n ń yan nílé wọn, òórùn èéfín wà lára ìró rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ta sí ṣíìtì, ọlọ́gbọ́n kíláàsì wa fọwọ́ bomú, ó jágbe mọ́ ọn:

"Ará oko! Tó o bá tún ba èyí tí mo ń tẹ́ yìí jẹ́, ìwọ lo máa fọ̀ ọ́!"

Ẹ gbọ́ o! Obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó bí ẹ̀gbọ́n ẹni tó ń jágbe mọ́ ọn! Ará oko kẹ̀, orí ilẹ̀ bàbá ta ni wọ́n kọ́ ilé tí àwa ń gbé sí?

"Ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì," lobìnrin náà wí, ó sì fa ìró rẹ̀ mọ́ra.

Nígbà tó yá, mo ń kọjá, mo kí i: "Ẹ kú ewu ọmọ o, mà." Kò sí abiyamọ tí kì í dáhùn ìkíni yẹn, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó. Kò dáhùn. Ètè rẹ̀ ti funfun. Mo ká aṣọ ìbora kúrò. Ṣíìtì funfun báláú! Ìró eléèéfín yẹn ló ká sábẹ́ ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti rin ín gbingbin. Ẹ̀jẹ̀ ń ya lára èèyàn, aṣọ ìjọba ló ń ṣọ́!

Mo figbe ta. Sístà ní kí n dákẹ́, ọ̀gá àgbà ti ń bọ̀. Mo ní n ò dákẹ́! A máa ń gbàdúrà fún aboyún pé ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ, àwa náà la tún pa ohùn ìyá mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀gá àgbà sáré wọlé, ó ń fọwọ́ ra á níkùn, ẹ̀jẹ̀ ń ya sórí ṣíìtì, ó ń pè fún abẹ́rẹ́, ó ń pè fún omi. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Nígbà tó lajú, a ò tíì ráyè pààrọ̀ ohunkóhun. Kò béèrè ọmọ rẹ̀. Ó fọwọ́ kan abẹ́ ara rẹ̀, ó rí i pé ṣíìtì ti pọ́n, ó ń gbìyànjú láti dìde.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n lọ fọ̀ ọ́."