Ohùn Tó Ń Bínú Nínú Hẹ́ẹ̀dìfóònù

Ẹnu ìyá pa dé pátápátá lọ́jọ́ náà. Ó gbé báàgì lọ́wọ́, ó dúró jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ nílé ìtajà, àfi bí ohùn rẹ̀ ṣe gba gbogbo ibẹ̀ kan: “Bàbá yìí! Ẹ tún ti jẹ́ kí omi gbẹ sórí iná! Etí tó ń gbọ́ ìrìn èèrà, kò wá gbọ́ ìkòkò tó ń jó!”

Ọmọbìnrin tó ń tajà fò sẹ́yìn. Ó wo ẹnu ìyá, ẹnu ìyá ò mì. “Mo gbé o! Ìyá, ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú yín?”

Kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló wá yan hẹ́ẹ̀dìfóònù tó máa fi ṣiṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ pípo ohùn orin pọ̀, ni okùn bá yọ lára fóònù rẹ̀, tí ohùn inú rẹ̀ fi bọ́ síta. Etí-Kì-í-Sùn ni wọ́n ń pe bàbá náà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó ti gba ohùn ìbínú ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù ní ilé ìdáná, kò sì sọ fún un.

Ojú ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta. “Ẹ gba ohùn mi sílẹ̀?”

“Ìyá wọn, má bínú. Ohùn wo ni mo tún mọ̀ tó tìrẹ? Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbọ́ ọ. Hẹ́ẹ̀dìfóònù tó bá ti fi oyin sí i, irọ́ ló ń pa.”

Bó ṣe rí nìyẹn. Akọrin kan gbé hẹ́ẹ̀dìfóònù olówó ńlá wá fún un rí, ó ní, “Bàbá, èyí dùn gan-an, ìlù ń mì nínú rẹ̀ gìdìgìdì!” Bàbá gbọ́ ọ díẹ̀, ó ṣí i kúrò létí. “Ẹlẹ́nu dídùn ni. Èmi ń wá ẹni tó máa sọ fún mi pé ṣòkòtò mi ti ya lẹ́yìn.” Akọrin yára fọwọ́ kan ìdí ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn, ó já wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kó lè gbọ́ orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pò lórí rédíò kékeré tó wà níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ ya ẹnu, ó gbàgbé iṣẹ́, ó ń jó. Oníbàárà rẹ̀ bínú jáde lọ sílé ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pẹ̀lú irun ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìgbà tí bàbá wá kú, hẹ́ẹ̀dìfóònù mẹ́ta ló fi sílẹ̀ lórí ìṣó. Ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ olóòótọ́. Ó fi òpùrọ́ méjì yòókù pa mọ́ kó lè mọ ohun tí àwọn èèyàn máa gbọ́ nílé wọn. Aṣọ dúdú kan náà ló sì rán bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ojú má baà bá etí yàn.

Akọrin tó gbé hẹ́ẹ̀dìfóònù wá níjọ́sí sáré dé. Ọ̀la ni àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ máa jáde, ó ku kó yẹ̀ ẹ́ wò nígbẹ̀yìn. “Ìyá, èwo ni? Tí mo bá lo òpùrọ́, mo ti ba orin mi jẹ́ nìyẹn!”

“Dákẹ́ ariwo. Gbé fóònù bàbá wá.”

Ìyá ní kó tan ohùn ilé ìdáná ọjọ́ náà, ó de àkọ́kọ́ mọ́ etí. Ohùn rẹ̀ ń bú bàbá, ó nípọn bí ẹ̀kọ. Ó de èkejì: ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ń dún bí ọmọge. “Irọ́ burúkú,” ó ní.

Ó de ẹ̀kẹta. Ohùn rẹ̀ rí wúruwùru bó ṣe rí gan-an. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ariwo ìkòkò, ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò gbọ́ nínú àwọn yòókù. Ó gbọ́ ọ, ó já hẹ́ẹ̀dìfóònù kúrò, ó bojú wẹ̀yìn.

“Kí ni, ìyá?”

“Ó ń rẹ́rìn-ín.” Ó tún dè é mọ́ etí. Bàbá ni lóòótọ́, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́, bí ẹni tí wọ́n ń kì ní oríkì.

“Èyí ni,” ìyá wí, omi ti wà lójú rẹ̀. “Máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n dúró ná, jẹ́ kí n parí ìjà yìí.”